Samuel Johnson: Aláròkọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi ẹ̀fẹ̀ kọ́ni níwà, tó sì fi ogún sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bí sínú oko ẹrú

Ní ọjọ́ kan tí ojú ọjọ́ kò dára rárá, bàbá àgbàlagbà kan wọ inú ọjà ìlú Uttoxeter, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dúró sójú kan, ó ṣí fìlà kúrò lórí, òjò sì ń pa á.

Kò ra nǹkan kan. Kò ta nǹkan kan. Ó kàn dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ló bá tirẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú. Ibi tó dúró sí yẹn gan-an ni bàbá rẹ̀ máa ń pàtẹ ìwé sí láyé ọjọ́un. Ní nǹkan bí 50 ọdún ṣáájú, bàbá náà ní kó tẹ̀lé òun lọ sí ọjà Uttoxeter, ọmọ sì kọ̀ jálẹ̀. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kó lọ. Bàbá kú ní ọdún 1731, àyè àtitọrọ àforíjì sì ti tán. Ìdí rèé tí ọmọ, tí òun náà ti darúgbó, fi padà lọ jẹ ìyà òjò lójú ọjà.

Bàbá àgbàlagbà náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún àwọn èèyàn nígbà tí ayé rẹ̀ ń lọ sópin. Orúkọ rẹ̀ ni Samuel Johnson, ọ̀kan lára àwọn aláròkọ tó lókìkí jùlọ nínú ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìwé rẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́ ìwà, ẹnu rẹ̀ sì kún fún ẹ̀fẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó ń tẹ̀lé gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ ayé níwà: ṣé òun fúnra rẹ̀ ń ṣe ohun tó ń sọ?

Samuel Johnson wo nìyí?

Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ orúkọ yìí, ẹlòmíràn ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ìyẹn Àlùfáà Samuel Johnson tó kọ ìwé ìtàn ìran Yorùbá, The History of the Yorubas. Kì í ṣe òun nìyí.

Sierra Leone ni wọ́n ti bí Johnson ti Yorùbá ní ọdún 1846. Ọmọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ òwò ẹrú ni. Ó kú ní ọdún 1901, ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1921 lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀, Obadiah, tún un kọ, torí pé àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun ti sọnù.

Johnson ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kú ní ọdún 62 kí wọ́n tó bí ti Yorùbá. Ìlú Lichfield ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1709. Bàbá rẹ̀, Michael, ń ta ìwé, àmọ́ ọjà náà kò mówó wọlé tó bó ṣe yẹ.

Láti kékeré ni àìsàn ti bá ọmọ náà jà. Àrùn kan tó máa ń mú kí ọrùn wú kókó ṣe é, ó fi àpá sí i lójú, kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ kan ríran dáadáa, ó sì tún ṣe etí rẹ̀ léṣe. Láyé ìgbà náà, àwọn èèyàn gbàgbọ́ pé bí ọba bá fọwọ́ kan ẹni tó ní àrùn yìí, yóò san. Wọ́n gbé e lọ sí London kí Ọbabìnrin Anne lè fọwọ́ kàn án. Ọbabìnrin fọwọ́ kàn án lóòótọ́, àrùn kò lọ.

Nígbà tó dàgbà, ara rẹ̀ tún máa ń gbọ̀n, ọwọ́ àti orí rẹ̀ á máa dédé mì, tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí á máa wò ó tìyanu-tìyanu.

Ní ọdún 1728, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Pembroke ní Yunifásítì Oxford. Ọpọlọ rẹ̀ pé, àmọ́ owó kò sí. Nígbà tí ẹnìkan rí i pé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yọjú láti inú bàtà, ẹni náà lọ gbé bàtà tuntun sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kàkà kí Johnson dúpẹ́, ńṣe ni inú bí i, tó gbé bàtà náà sọnù.

Kò lò ju bí oṣù 13 lọ ní Oxford kí àìrówósan tó lé e padà sílé. Oyè ọ̀mọ̀wé tí gbogbo ayé fi ń pè é lónìí, àwọn yunifásítì ló fi dá a lọ́lá nígbà tó ti di àgbà.

Báwo ló ṣe di aláròkọ?

Johnson gbìyànjú láti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà kò lójú. Ní ọdún 1737, òun àti David Garrick, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà, jọ gba ọ̀nà London lọ. Garrick di gbajúmọ̀ òṣèré orí ìtàgé. Johnson di ẹni tó ń fi gègé wá oúnjẹ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1750, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní The Rambler. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa ń jáde, pẹ́nì 2 ni wọ́n ń tà á. Láàárín ọdún méjì, 208 ló jáde, òun nìkan ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ gbogbo rẹ̀. Kò tà púpọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ jáde, àmọ́ nígbà tí wọ́n kó o pọ̀ di ìwé, àwọn èèyàn kò yé tún un tẹ̀.

Láti ọdún 1758 sí 1760, ó tún kọ òmíràn tó pè ní The Idler, ìyẹn Ọ̀lẹ. Ẹ̀fẹ̀ ti wà nínú orúkọ yẹn fúnra rẹ̀, torí Johnson mọ̀ pé ara òun ni òun ń bá wí. Ó máa ń pẹ́ lórí ibùsùn títí ọ̀sán, á wá máa gbàdúrà kí Ọlọ́run ran òun lọ́wọ́ láti tètè máa jí. Ọdún dé, ọdún lọ, àdúrà kan náà ni.

Nínú The Rambler nọ́mbà 134, ó bá àwọn tó máa ń fi iṣẹ́ òní dọ̀la wí. Hester Thrale, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, sọ bó ṣe kọ aròkọ náà: ilé ayàwòrán Joshua Reynolds ló jókòó sí tó ń sáré kọ ọ́, nígbà tí ọmọ tí wọ́n rán wá láti ilé ìtẹ̀wé dúró dè é pé kó parí kí òun lè gbé e lọ.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú aròkọ rẹ̀?

Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìwà tó rọrùn láti sọ lórí ìjókòó nìkan ni Johnson ń kọ. Ó fọwọ́ kan ohun tí ìjọba àti àwọn olówó ń ṣe.

Láyé rẹ̀, ikú ni ìdájọ́ olè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó ti jẹ́ ìdájọ́ apànìyàn. Johnson kọ ọ́ pé ìwà òmùgọ̀ ni. Bí ẹni tó jalè àti ẹni tó pààyàn bá máa kú ikú kan náà, kí ni yóò dá olè dúró láti má pa ẹni tó rí i? Ó ní òfin tó le jù máa ń mú kí àwọn èèyàn ṣàánú ọ̀daràn, kí wọ́n má sì fẹ́ mú un lé ìjọba lọ́wọ́.

Ó tún kọ̀wé lórí àwọn tí wọ́n ń jù sẹ́wọ̀n nítorí gbèsè. Ó bèèrè pé ta ló ń jèrè bí ẹni tó jẹ gbèsè bá ń jẹrà nínú ẹ̀wọ̀n, tí kò lè ṣiṣẹ́, tí ebi sì ń pa ọmọ rẹ̀ nílé. Ó ní ẹni tó yáni lówó náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, torí èrè ló ń wá nígbà tó gbé owó náà sílẹ̀.

Nínú aròkọ náà, ó sọ pé àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí gbèsè tó 20,000. Nígbà tí ìwé náà tún jáde, ó fi kún un pé iye tí wọ́n ń fi ìdánilójú gbé jáde nígbà yẹn nìyẹn, àti pé òun ti rí ìdí láti ṣiyèméjì nípa rẹ̀. Òǹkọ̀wé tó tún ara rẹ̀ ṣe ní gbangba báyìí kò wọ́pọ̀, láyé ìgbà yẹn àti lóde òní.

Kì í ṣe ohun tó gbọ́ lẹ́nu èèyàn nìkan ló ń kọ. Ní ọdún 1756, wọ́n mú òun fúnra rẹ̀ nítorí gbèsè tí kò tó £6. Òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀, Samuel Richardson, ló fi owó ránṣẹ́ tí wọ́n fi tú u sílẹ̀.

Aròkọ rẹ̀ tó mú jùlọ lè jẹ́ ti igún. Ìgbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé ń jagun ló kọ ọ́. Ìyá igún kan ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ. Ó sọ fún wọn pé èèyàn nìkan ni ẹranko tó máa ń pa ohun tí kò ní jẹ, àti pé ibi tí èèyàn bá ti pọ̀ tí wọ́n ń pariwo, tí iná ń kọ, níbẹ̀ ni oúnjẹ igún ti ń pọ̀. Àwọn ọmọ bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pa ohun tí wọn kò ní jẹ. Ìyá kò rí èsì gidi fọ̀.

Nígbà tí wọ́n kó àwọn aròkọ The Idler pọ̀ di ìwé, Johnson yọ ti igún yẹn kúrò. Àmọ́ àwọn èèyàn ti kà á, wọn kò sì gbàgbé.

Ẹ̀fẹ̀ inú ìwé atúmọ̀ èdè

Iṣẹ́ tó sọ Johnson di olókìkí ni ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní ọdún 1755. Àwọn oníwèé London gbà láti san £1,575 fún un ní ọdún 1746, ó sì ní ọdún mẹ́ta lòun máa fi ṣe é.

Wọ́n rán an létí pé 40 ọ̀mọ̀wé ló lo 40 ọdún lórí irú ìwé yìí ní ilẹ̀ Faransé. Johnson ṣírò rẹ̀ wéré: 40 lọ́nà 40 jẹ́ 1,600, nítorí náà bí mẹ́ta ṣe rí sí 1,600 ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe rí sí ọmọ Faransé. Ẹ̀fẹ̀ náà dùn, àmọ́ ọdún mẹ́ta kò tó. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ náà gbà á, pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ mẹ́fà, nínú ilé kan ní Gough Square tó ṣì wà ní London títí dòní.

Ọ̀rọ̀ tó lé ní 42,000 ló wà nínú ìwé náà, ẹ̀fẹ̀ sì wà láàárín wọn. Nígbà tó débi ọkà oats, ó ní ẹṣin ló ń jẹ ẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ èèyàn ló ń jẹ ẹ́ ní Scotland. Nígbà tó débi ẹni tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, ó pe ara rẹ̀ ní alágbàṣe tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn obìnrin kan kí i pé ó ṣeun tí kò fi ọ̀rọ̀ rírùn sínú ìwé náà. Johnson rẹ́rìn-ín, ó ní: ó jọ pé ẹ ti wá a.

Àmọ́ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ lè ta èèyàn bí ata. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ó tọ Lord Chesterfield lọ fún ìrànwọ́, ohun tó rí gbà kò tó nǹkan. Nígbà tí iṣẹ́ parí tán, Chesterfield wá ń yin ìwé náà nínú ìwé ìròyìn. Johnson kọ lẹ́tà sí i ní oṣù Kejì ọdún 1755, ó sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ tó dé nígbà tí èèyàn ti wẹ odò já kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ mọ́. Ní ayé tí òǹkọ̀wé máa ń tẹríba fún olówó kó tó jẹun, lẹ́tà yẹn ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu.

Ayé sì tún yí ọ̀rọ̀ padà fún òun náà. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè yẹn, ó bú àwọn tó ń gba owó ọdọọdún lọ́wọ́ ìjọba. Ní ọdún 1762, Ọba George Kẹta fún un ní £300 lọ́dún. Ó gbà á, àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bú u títí.

Kí ló pa á pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Adúláwọ̀?

Ìwé àkọ́kọ́ tí Johnson gbé jáde, ní ọdún 1735, ìtàn ìrìnàjò lọ sí Abyssinia, ìyẹn Ethiopia òde òní, ni. Àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Potogí kan, Jerónimo Lobo, ló ni ìtàn náà. Johnson tú u sí èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ilẹ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó kọ ìtàn àròsọ rẹ̀, Rasselas, ní ọdún 1759, ọmọ ọba Abyssinia ló fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Ọmọ ọba náà ń gbé ní àfonífojì kan tí gbogbo ohun tí èèyàn lè fẹ́ wà, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó sá kúrò pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọ́n lọ sí Cairo láti wá bí èèyàn ṣe lè gbé ayé kó sì láyọ̀. Wọ́n bá olówó sọ̀rọ̀, wọ́n bá ọ̀mọ̀wé àti ẹni tó ń dá gbé nínú ihò sọ̀rọ̀. Kò sí èyí tó ní ayọ̀ tó pé.

Ìrora wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ìyá Johnson, Sarah, kú ní oṣù Kíní ọdún 1759. Alẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni Johnson fi kọ Rasselas, kó lè rí owó san ìnáwó ìsìnkú àti gbèsè tí ìyá fi sílẹ̀.

Ẹni tó kọ aròkọ lórí ìwà ọmọlúàbí yìí kò fojú kan ìyá rẹ̀ fún ohun tó súnmọ́ 20 ọdún. Ó máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó máa ń fi owó ránṣẹ́, àmọ́ kò lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà lókè òkun lónìí yóò mọ ibi tí bàtà yẹn ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ta ni Francis Barber?

Ní oṣù Kẹta ọdún 1752, ìyàwó Johnson, Elizabeth, kú, ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí The Rambler parí. Ìbànújẹ́ dé bá a gidi. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, wọ́n mú ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wá sílé rẹ̀ láti máa ràn án lọ́wọ́. Ọmọ náà kò ju bí ọdún mẹ́wàá lọ.

Inú oko ìrèké ní Jamaica ni wọ́n ti bí i, ẹrú ni. Quashey ni orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀. Orúkọ yẹn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Akan ní Ghana, tí wọ́n ń sọ ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ Àìkú ní Kwasi. Ọ̀gágun Richard Bathurst, tó ni ọmọ náà, ló mú un wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1750, tí wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Francis Barber. Nígbà tí ọ̀gágun náà kú, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n dá Barber sílẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní £12.

Barber kì í ṣe ẹni tó jókòó gba ohun tí ayé bá fún un. Ó kúrò nílé Johnson lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ní ọdún 1758 ó sì wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Johnson kò fẹ́ràn iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi rárá, ó sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé kò yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Ó bẹ àwọn èèyàn títí wọ́n fi dá Barber padà ní ọdún 1760. James Boswell, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Johnson, sọ pé Barber fúnra rẹ̀ kò bèèrè fún un. Ìfẹ́ ni Johnson fi ṣe é, àmọ́ ìfẹ́ tí kò bi ẹni tí wọ́n fẹ́ràn léèrè ni.

Nígbà tó yá, Johnson rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Bishop's Stortford, ó sì san owó rẹ̀. Barber ti lé ní 20 ọdún nígbà náà. Nínú lẹ́tà tó kọ sí i, ó gbà á níyànjú pé kó fẹ́ràn ìwé kíkà bó bá fẹ́ gbọ́n.

Ìtàn ológbò kan tún wà tó fi ìwà Johnson hàn. Ó ní ológbò kan tó ń jẹ́ Hodge. Oyster, ìyẹn ẹran inú ìkarawun tí wọ́n ń kó nínú òkun, ni ológbò náà fẹ́ràn. Johnson fúnra rẹ̀ ló máa ń jáde lọ rà á. Kò fẹ́ rán Barber, torí kò tọ́ lójú rẹ̀ kí wọ́n máa rán ọmọ èèyàn níṣẹ́ fún ẹranko.

Ibi tí òun àti Boswell kò ti fẹnu kò

Boswell, ọmọ Scotland, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀rẹ́ tó súnmọ́ Johnson nígbà ogbó rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, ọdún 1763, nínú ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní London, Boswell mọ̀ pé Johnson kò gba ti àwọn ará Scotland. Ó bẹ̀ ẹ́ pé lóòótọ́ Scotland lòun ti wá, àmọ́ kò sí bí òun ṣe lè ṣe é. Johnson dá a lóhùn pé bí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ń wí nìyẹn.

Wọ́n di ọ̀rẹ́, àmọ́ lórí òwò ẹrú, ọ̀tọ̀ ni ti Boswell, ọ̀tọ̀ ni ti Johnson. Boswell gbè sẹ́yìn òwò náà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé láìtijú. Johnson ní tirẹ̀ gbé ife sókè níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé Oxford, ó ní òun mu ún fún ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú West Indies máa dì lẹ́yìn èyí.

Ní ọdún 1775, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pariwo òmìnira, Johnson ta ko wọn nínú ìwé kan. Ó bèèrè ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń na ẹrú ni ariwo òmìnira wọn ń le jù. Àwọn kan kò fara mọ́ ohun tó kù tó wà nínú ìwé náà, torí ó gbè sẹ́yìn ọba, àmọ́ ìbéèrè yẹn kò rí èsì.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Joseph Knight. Wọ́n kó o láti ilẹ̀ Adúláwọ̀ lọ sí Jamaica, ọ̀gá rẹ̀ sì mú un wá sí Scotland. Knight gbé ọ̀gá náà lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 1777, Johnson sọ àlàyé kan tí Boswell kọ sílẹ̀ láti gbè é lẹ́yìn: kò sí ẹni tí a bí láti jẹ́ dúkìá ẹlòmíràn, àti pé bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ ẹnìkan dẹrú, kò sí ẹ̀tọ́ láti fi gbèsè yẹn bọ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Ní ọdún 1778, ilé ẹjọ́ gíga Scotland dá Knight láre.

Ìwé ìhágún tó bí àwọn kan nínú

Ilé Johnson kún fún àwọn tí kò ní ibi lọ. Anna Williams, akéwì tí ojú rẹ̀ fọ́, wà níbẹ̀. Robert Levet, tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn tí kò lówó, wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń bá ara wọn jà, wọ́n á sì fẹjọ́ sun Johnson. Síbẹ̀, kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Barber fẹ́ ọmọbìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Elizabeth, ní ọdún 1773, àwọn náà sì wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn.

Nígbà tí ikú súnmọ́ tòsí, Johnson bi dókítà rẹ̀ léèrè pé èló ló yẹ kí èèyàn fi sílẹ̀ lọ́dún fún ìránṣẹ́ tó ṣe é dáadáa. Dókítà ní bó bá jẹ́ ìjòyè ńlá, £50 lọ́dún á tó. Johnson ní ó dáa, òun máa ju ìjòyè lọ: £70 lọ́dún ni ti Barber. Ó tún fi èyí tó pọ̀ nínú ohun tó kù nínú dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Johnson kú ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún 1784. Wọ́n sin ín sí Westminster Abbey. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ogún fi dé etí ìgboro, àwọn kan sì bínú. John Hawkins, ọ̀kan lára àwọn tí Johnson ní kí wọ́n bójú tó ìwé ìhágún náà, kọ ọ́ sínú ìwé pé irú ogún yẹn ti pọ̀ jù fún ìránṣẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Barber kó lọ sí Lichfield, ìlú tí wọ́n bí ọ̀gá rẹ̀ sí. Owó kò dúró sí i lọ́wọ́, ó ní láti ta àwọn nǹkan tó jẹ́ ti Johnson. Òun àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Burntwood. Ó kú ní Stafford ní ọdún 1801, ọdún mẹ́fà kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fòfin de òwò ẹrú. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní agbègbè náà lónìí.

Ṣé ó ṣe ohun tó kọ?

Johnson mọ̀ pé wọ́n máa bi òun. Nínú The Rambler nọ́mbà 14, ó kọ̀wé lórí ìdí tí òǹkọ̀wé fi máa ń burú ju ìwé rẹ̀ lọ. Ó fi í wé ìlú ńlá tí èèyàn ń wò láti òkèèrè: ilé gogoro àti ààfin ló máa rí, àmọ́ bó bá wọlé tán, á bá òpópónà tóóró, á bá ìdọ̀tí. Ó ní ìyẹn kò sọ ohun tí òǹkọ̀wé náà kọ di irọ́. Ẹni tó ṣubú lójú ọ̀nà ṣì lè tọ́ka ibi tí ọ̀nà gbà.

Àwáwí ni, bí èèyàn bá fẹ́ wò ó bẹ́ẹ̀. Johnson bú àwọn ará Scotland, ó lo ẹnu rẹ̀ láti dójú ti àwọn tí kò lè fèsì, kò tètè jí, kò sì lọ wo ìyá rẹ̀.

Àmọ́ nǹkan méjì kan wà tí kò ṣe é sọ nù. Ọmọ tí wọ́n kó wá láti oko ẹrú jogún rẹ̀ nígbà tí àwọn olówó London ṣì ń jèrè lórí ẹrú. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbéraga ni kò jẹ́ kó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ ọjà sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà lọ, láìsí ẹni tó rán an.

Ère ìrántí kan wà lójú ọjà Uttoxeter lónìí, tó fi Johnson hàn níbi tó dúró sí, láìdé fìlà. Àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ọjà máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Bàbá rẹ̀ kò gbọ́ àforíjì náà, àmọ́ ọmọ kò jẹ́ kí ìyẹn dá òun dúró láti tọrọ rẹ̀.